Onígbáméjì, Ikọ́ Àhúbì àti Àwọn Oníbodè Inú Ara

  Àbúrò yín, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo tún dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo kọ̀wé lórí ìgbẹ́ gbuuru, ìyá kan fi ohùn sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní: "Nọ́ọ̀sì, ẹ ní ká máa fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ lómi. Ṣé kì í ṣe omi yẹn náà ló tún ń gba ìsàlẹ̀ jáde? Ẹni tí agbè rẹ̀ ń jò, ṣé yóò máa bu omi sí i ni, àbí yóò kọ́kọ́ dí i?"

Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rò ó, torí mo mọ̀ pé "dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn. Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n ó gùn díẹ̀. Ó gba àwọn èèyàn ní nǹkan bí 100 ọdún kí wọ́n tó rí i, ibi tí wọ́n sì ti rí apá kan nínú rẹ̀ ni orí ìwé, níbi tí wọ́n ti to lẹ́tà sábẹ́ lẹ́tà bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí ojú bá ń dùn, kí ọmọ-ọmọ kà á sétí rẹ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi àgbà, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní onígbáméjì ni pé igbá méjì ni wọ́n máa ń gbé ti ẹni tó bá ń ṣe: ọ̀kan fún èébì, ọ̀kan fún ìgbẹ́. Láti 1817 ni àrùn náà ti ń jáde láti ilẹ̀ Íńdíà tí ó ń rìn káàkiri ayé. Ìrìn rẹ̀ keje bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Indonesia ní 1961. Ó dé Guinea, nílẹ̀ adúláwọ̀ níhìn-ín, ní oṣù kẹjọ ọdún 1970. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti wọ agbègbè Èkó. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ń pe ibi tí a wà nígbà náà, olú-ìlú wa sì ni Ìbàdàn. Àwọn tó ti gbọ́njú láàrin yín kò ní gbàgbé ìbẹ̀rù ọdún yẹn.

Ní 1971, èèyàn 22,931 ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà pé àrùn náà mú. 2,945 kú. Ní 1991, ó mú 59,478, ó sì pa 7,654. Ẹ ṣírò ọ́n wò: ní ọdún méjèèjì, nínú 100 tó mú, nǹkan bí 13 ló pa. Ogún ọdún ti kọjá láàrin wọn, ikú kò dín. Ní 2021, ó mú 111,062, ó pa 3,604. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 100. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì sọ pé bí a bá ṣe é bó ti yẹ, kò gbọdọ̀ pé ẹnì kan nínú 100.

Kí ló ń pa wọ́n? Ìyàn omi ni. Àgbàlagbà tí onígbáméjì mú gidi lè yà tó lítà omi kan láàrin wákàtí kan. Ojú á jìn wọlé, awọ ara á hunjọ, ohùn á wọlẹ̀, ìtọ̀ á dá. Ó lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Mo ní láti sọ ti ilé wa níbí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìgbẹ́ gbuuru mú àbúrò mi obìnrin kan. Èmi kò mọ̀ bóyá onígbáméjì ni tàbí òmíràn, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá wa àgbà, tó fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wa lọ, gbé ìkòkò omi kúrò ní yàrá. Wọ́n ní, "Mọ́ fún un lómi o, á tún lọ ni." Ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀ fún omi láti ọ̀sán títí di alẹ́. Wọ́n ń fún un ní àgbo díẹ̀díẹ̀, èyí tó tún ń yà á nínú. Kò rí òwúrọ̀. Ìyá wa àgbà kò burú, wọn kò sì ya òmùgọ̀. Ohun tí ojú wọn rí náà ni wọ́n gbà gbọ́: omi ń jáde, ẹ dí ojú omi. Ìdí nìyí tí n kò fi fi ìbéèrè ìyá wa ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣeré.

Àwọn oníṣègùn òyìnbó náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní àrùn náà ń bó awọ inú ìfun kúrò ni, tí ìfun fi ń jò. Ní 1884, Robert Koch, ọmọ Jámánì, rí kòkòrò tó ń fà á nílùú Calcutta, ó sì fura pé oró kan ló ń tú jáde. Kò sí ẹni tó rí oró náà fún ọdún 75. Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan, Sambhu Nath De, dókítà ní Calcutta kan náà, ló wá rí i. Ó gbin kòkòrò náà sínú omi, ó sẹ́ omi náà títí tí kò fi sí kòkòrò alààyè kankan nínú rẹ̀, ó wá fi omi sísẹ́ náà sínú ìfun ehoro. Ìfun náà kún fún omi gẹ́gẹ́ bí ti onígbáméjì. Oró ni, kò sí kòkòrò ńbẹ̀ mọ́! Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò tóbi, owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, àwọn ará ìlú rẹ̀ pàápàá kò sì kà á sí nígbà náà. Joshua Lederberg tó ti gba ẹ̀bùn Nobel dábàá orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn náà, wọn kò fún un. Ó kú ní 1985. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn De, Eugene Gangarosa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n mú díẹ̀ nínú awọ ìfun àwọn tí onígbáméjì ń ṣe ní ilẹ̀ Thailand, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wò ó. Awọ náà wà níbẹ̀ pérépéré. Kò bó, kò ya.

Ẹ̀yin ìyá wa tó béèrè, ẹ gbọ́ èyí: agbè kò jò. Ẹnì kan ló jókòó sínú agbè tó ń da omi jáde.

Ta wá ni ẹni náà? Nínú ara, kò sí iṣẹ́ tí kò ní oníbodè. Ẹ rántí oníbodè ayé àtijọ́ tó ń dúró lẹ́nu odi ìlú. Oníbodè tí mò ń sọ yìí kéré dé ibi pé ojú kò lè rí i. Ẹ̀yìn awọ sẹ́ẹ̀lì ló dúró sí. Tí ìránṣẹ́ bá ti ìta dé, oníbodè á mú obì aláwẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́. Obì yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní GTP, torí pé awẹ́ mẹ́ta ló ní lóòótọ́. Níwọ̀n ìgbà tí awẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé lọ́wọ́ rẹ̀, oníbodè á máa ké pé "Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí iyọ̀ àti omi jáde!" Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa bó awẹ́ kan sọ nù. Tó bá ti ku méjì, ó dákẹ́, ilẹ̀kùn á tì. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pe gbogbo ìdílé oníbodè yìí ní GTPase: àwọn tó ń bó awẹ́ GTP. Òun ló ń ṣí, òun náà ló ń pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Martin Rodbell, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fura sí obì yìí, ní 1971. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á: ohun tí wọ́n rà fún iṣẹ́ kò mọ́, GTP díẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àdàpọ̀ náà gan-an ló ń mú kí iṣẹ́ wọn yọrí. Alfred Gilman àti àwọn tirẹ̀ ló wá yọ oníbodè náà sọ́tọ̀ ní 1980. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1994. Kí wọ́n tó yọ ọ́ sọ́tọ̀ pàápàá, Dan Cassel àti Zvi Selinger ní Jerúsálẹ́mù ti fi hàn ní 1977 ohun tí oró onígbáméjì ń ṣe sí i. Oró náà kì í pa oníbodè, ọwọ́ tó fi ń bó awẹ́ ló ń dè. Obì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìdín, kò lè bó o, kò lè dákẹ́. Ó ń ké "ẹ ṣí, ẹ ṣí" tọ̀sán-tòru. Iyọ̀ ń jáde, omi ń tẹ̀ lé iyọ̀.

Omi náà, inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ọmọ náà ló ti ń wá. Omi tí ẹ fún un mu kọ́ ni ó ń fà á. Bí ẹ gbé ìkòkò omi sá, oníbodè kò mọ̀, kò sì ní tìtorí ìyẹn dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi ìlẹ̀kẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Oníbodè yìí jẹ́ purotéènì. Ẹ̀wà àti ẹyin tí a ń jẹ ní purotéènì, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ inú ara náà ni purotéènì ń jẹ́. Bí a bá wò ó dáadáa, ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ni. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ló wà, àwọn onímọ̀ sì fún oríṣi kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan. Bí wọ́n ṣe sín wọn tẹ̀ léra ló ń sọ irú òṣìṣẹ́ tí yóò jẹ́. Oníbodè tó ń ké pé "ẹ ṣí" ń jẹ́ Gs, ìlẹ̀kẹ̀ 394 ló wà lára rẹ̀. Àbúrò kan wà fún un tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti ké pé "ó tó, ẹ dúró." Ìyẹn ń jẹ́ Gi, èyí àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ 354.

Láti 1983 sí 1984, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí sábẹ́ ara wọn láti mọ ẹni tó bá ẹni tan. Kenneth Halliday wà lára wọn. James Hurley, Melvin Simon àti Gilman tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlúpéjú, ẹ̀yin ló yẹ kí èyí tètè yé. Orúkọ ìlú wa fi hàn pé a péjọ ni. Àlejò lè dé láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ má mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n tó bá ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, tí ó sì bá tiyín mu ní àwọn ibi tó ṣe kókó, ẹ mọ̀ pé ọmọ bàbá kan ni yín, bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ yàtọ̀ láàrin. Ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ṣe nìyẹn.

Ẹ wo ibì kan lára àwọn mẹ́rin yìí. Èkíní ni Ras, òṣìṣẹ́ tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, kó sì pín sí méjì. Ìkejì ni Gs, ìkẹta ni Gi. Ìkẹrin ni EF-Tu, òṣìṣẹ́ inú kòkòrò tíntìn tó ń gbé inú ìfun wa, òun ló ń bá wọn gbé ìlẹ̀kẹ̀ wá síbi tí wọ́n ti ń sín in.

Ras: G A G G V G K S
Gs: G A G E S G K S
Gi: G A G E S G K S
EF-Tu: G H V D H G K T

Ẹ ka lẹ́tà àkọ́kọ́ láti òkè wálẹ̀: G ni gbogbo wọn. Ẹ ka ìkẹfà: G. Ìkeje: K. Ìkẹjọ, S tàbí T, àwọn méjèèjì sì jọra. Èèyàn àti kòkòrò tó ń gbé inú ìgbẹ́ o! Ibi yìí ni àtẹ́lẹwọ́ tí oníbodè fi ń di awẹ́ obì mú. Kò sí ẹni tó lè pààrọ̀ rẹ̀ kí obì má bọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibòmíràn tún wà lára wọn:

Ras: N K C D
Gs: N K Q D
Gi: N K K D
EF-Tu: N K C D

Níbí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé obì ni wọ́n mú, kì í ṣe orógbó, torí pé ohun mìíràn tó jọ GTP pọ̀ nínú ara ju GTP lọ.

Kì í ṣe lẹ́tà nìkan ni wọ́n fi wé ara wọn. Bí ilé wọn ṣe rí náà bá ara mu. Ras kò ní ju ìlẹ̀kẹ̀ 189 lọ, bí ilé oníyàrá kan ló rí. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ìbátan Gs kan àti ti Gi ní 1993 àti 1994, wọ́n rí i pé yàrá Ras yẹn gan-an ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ yàrá mìíràn mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí obì fi wà láàrin yàrá méjèèjì. Ti EF-Tu jẹ́ yàrá mẹ́ta. Yàrá obì kò yàtọ̀, àfikún ló yàtọ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ni èrè gbogbo èyí fún ìyá tó ń gbọ́mọ pọ̀n. Mo fẹ́ fi ikọ́ àhúbì dáhùn, ikọ́ líle tí ọmọ ń wú, ń wú, títí tí ojú rẹ̀ yóò fi dúdú tí yóò sì bì. Jules Bordet àti Octave Gengou rí kòkòrò rẹ̀ gbìn ní 1906. Kòkòrò yìí náà ní oró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Toshiaki Katada àti Michio Ui ní ilẹ̀ Jàpáàn rí i pé oró náà ń lẹ nǹkan mọ́ oníbodè kan lára. Kì í ṣe Gs tí onígbáméjì ń dè. Gi ni, èyí tó ń ké pé "ó tó."

Kí ló dé tó mú Gi tó fi Gs sílẹ̀, nígbà tí wọ́n jọra tó báyìí? Ìparí okùn ìlẹ̀kẹ̀ ni ká wò. Gi parí sí C G L F. Gs parí sí Y E L L. Lẹ́tà C yẹn, ìkẹrin láti ìparí, ni oró ikọ́ àhúbì ń wá. Gs kò ní in níbẹ̀, Y ló ní. Lẹ́tà kan péré ni! Tí oró bá ti lẹ̀ mọ́ C, Gi kò gbọ́ ìránṣẹ́ mọ́. Ẹni tó yẹ kó sọ pé "ó tó" ti di adití. Ọ̀kan fi dandan mú kí "ẹ ṣí" máa dún, ìkejì pa "ẹ dúró" mọ́ni lẹ́tí. Àrùn méjì, ọ̀kan nínú ìfun, ọ̀kan nínú ọ̀nà ọ̀fun, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n ń bá jà.

Ikọ́ yìí kì í tètè lọ. Oògùn tó ń pa kòkòrò, bí a kò bá tètè lò ó, kì í sáábà dín iye ọjọ́ tí ọmọ yóò fi wúkọ́, bó tilẹ̀ ń dá kíkó ran ẹlòmíràn dúró. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ṣáájú oògùn nínú ọ̀rọ̀ ikọ́ àhúbì. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14 ni wọ́n ń gún un, ní ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé ìjọba. Ọmọ tó kéré jù ni ikọ́ náà ń pa jù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé "ẹ jẹ́ kó gbó díẹ̀ ná."

Ní ti Ras, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ padà sí ìlà rẹ̀ lókè. G tó jẹ́ lẹ́tà kẹta níbẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ 12 lára Ras. Ní 1982, àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà rí i pé ohun tó yàtọ̀ láàrin Ras tó dára àti ti jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ kan ni pé G yẹn ti di V. Ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú 189. Awẹ́ obì kò bó mọ́, sẹ́ẹ̀lì ń dàgbà láìdúró. Ní 1989 wọ́n tún bá irú rẹ̀ lára Gs nínú kókó kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ, èyí tó ń mú àgbàlagbà tún máa tóbi lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bàjẹ́ lára wọn ni ìlẹ̀kẹ̀ 201, ibẹ̀ náà gẹ́lẹ́ sì ni oró onígbáméjì ń lẹ nǹkan mọ́. Fún ọdún púpọ̀ wọ́n ní Ras kò ṣe é fi oògùn mú, títí di 2021 tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn sotorasib fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Irú Ras bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tí ẹ ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ara yín wò ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó.

Ó ku ìdáhùn ìyá wa. Mo ti sọ pé agbè kò jò. Ṣùgbọ́n bí oníbodè bá ń da omi jáde láìdákẹ́, ọ̀nà wo ni omi tí a bù yóò gbà wọlé?

Ilẹ̀kùn kejì wà. Ní 1960, Robert Crane, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé níbi àpéjọ kan nílùú Prague pé nínú ìfun, iyọ̀ àti ṣúgà ní ilẹ̀kùn kan tí wọ́n jọ ń gbà wọlé. Àjọrìn ni wọ́n: iyọ̀ ń fa ṣúgà, ṣúgà ń fa iyọ̀, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ilẹ̀kùn yìí kò sí lábẹ́ oníbodè tí oró dè. Omi lásán kì í tó láti bá àrùn náà sáré, iyọ̀ nìkan kì í wọlé dáadáa. Àfi kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta péjọ.

Ní 1968, David Nalin àti Richard Cash dán an wò nílùú Dhaka lára àwọn tí onígbáméjì mú, omi abẹ́rẹ́ tí wọ́n nílò sì dín kù gidigidi. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà kò gbà. Wọ́n ní dírípù ni oògùn, pé ti ṣíbí jẹ́ ti aláìní. Ogun ló wá jẹ́ kí wọ́n gbà. Ní 1971, ọdún kan náà tí onígbáméjì ń jà lọ́dọ̀ wa, ogun Bangladesh lé àìmọye èèyàn sá wọ Íńdíà, onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ wọn ní Bangaon. Dírípù tán lọ́wọ́ Dilip Mahalanabis, dókítà tó wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọn iyọ̀ àti ṣúgà sínú ọ̀rá, kí wọ́n pò ó sínú àgbá omi, kí àwọn ìyá àti ìbátan máa bu ún fún àwọn aláìsàn. Ikú tó ń tó nǹkan bí 30 nínú 100 wálẹ̀ sí ohun tí kò pé 4. Nọ́ọ̀sì kọ́ ló ń fún ọ̀pọ̀ wọn mu. Àwọn ìyá ni.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ ó rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Nígbà tirẹ̀ ni rédíò kò sinmi lórí omi iyọ̀ àti ṣúgà, tí a ń fi ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì wọn omi. Síbẹ̀ ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1991. Ohun tí mo gbà ni pé ìmọ̀ náà dé etí, kò tíì dé ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń gbé ìkòkò omi sá.

Bí a ṣe ń ṣe é lónìí rèé. Ọ̀rá ORS tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ló dára jù, ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí orí rẹ̀ tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ìdajì o! Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọ. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ yọ̀ ju omijé lọ. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù kí ẹ pò òmíràn. Ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ béèrè oògùn zinc fún ọmọ, ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lò ó: miligíráàmù 10 lójúmọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 20 fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, tí kò tọ̀, tí kò lè mu, tàbí tí ó ń sùn ju bó ti yẹ lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ sì máa fún un mu lójú ọ̀nà.

Awọ inú ìfun máa ń bó fúnra rẹ̀, tí tuntun á sì hù, láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Oníbodè tí oró dè á bá èyí tó bó lọ, àwọn tuntun tí ọwọ́ wọn ṣí ni yóò gba ipò rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn ni omi ń bá wa sún ọmọ dé.

Ìyá wa tún fi ohùn sílẹ̀ lánàá pé bí ọmọ bá ń bì í ńkọ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kan, ẹ sinmi díẹ̀, ṣíbí kan.